Aṣọ Tó Rọrùn fún Ẹni Tí Wọ́n Pààrọ̀ Oríkèé Ìbàdí Rẹ̀
Fún ọ̀sẹ̀ 6 sí 12 lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ yìí, ọ̀pọ̀ dókítà máa ń kìlọ̀ pé kí aláìsàn má ṣe tẹ ìbàdí kọjá 90 dìgírì (bí igun lẹ́tà L), nítorí oríkèé tuntun náà lè yẹ̀. Ẹ jókòó sórí àga gíga, kí ẹ kọ́kọ́ ki ẹsẹ̀ tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún bọ inú ṣòkòtò gbàgẹ̀rẹ̀, kí ó sì jẹ́ òun ni ẹ ó yọ kẹ́yìn nígbà tí ẹ bá ń bọ́ ọ.

Ìró àwọn ìyá wa ní Kàbà àti Mọ̀pà ló ń kọ mí lóminú jù, nítorí bí ó bá tú, ó lè kọ́ wọn lẹ́sẹ̀. Gáùn tó fẹ̀, tí kò kan ilẹ̀, ló sàn. Bí ọyẹ́ bá dé, kí ará ilé bá wọn wọ ìbọ̀sẹ̀.