Ohun tó ń jẹ àyè lórí dísìkì PostgreSQL mi

Mo ra àyè kún dísìkì server tí PostgreSQL, ètò tó ń tọ́jú dátábéèsì mi, wà, ó kún. Mo tún rà, ó tún kún. Àwọn tó ń ta server náà fún mi kò ní èsì kankan ju pé kí n tún rà sí i, wọ́n sì ti sọ fún mi pé èyí tí mo bá ti rà kò ṣe é dín kù mọ́. Inú bí mi gan-an. Dátábéèsì tí kò tó nǹkan, kí ló ń jẹ tó báyẹn?

Mo fi `df -h` rí i pé dísìkì ti fẹ́ kún tán, mo sì wọ fódà data lọ fi `du -sh * | sort -h` wò ó. `base`, níbi tí àwọn tébù wà, kò gba àyè púpọ̀. `pg_wal` ló gbé ìyókù mì.

Ẹnì kan ní kí n fi `rm` pa àwọn fáìlì tó ti pẹ́ nínú rẹ̀ rẹ́. Ká má rí i! Inú fáìlì wọ̀nyẹn ni PostgreSQL ti máa ń kọ àyípadà sílẹ̀ kó tó kan tébù. Bí server bá kú lójijì, ibẹ̀ ló ti máa kà á kó tó lè dìde. `pg_xlog` ni fódà yẹn ń jẹ́ títí di ẹ̀yà 10, ní 2017. Nítorí àwọn tó ń rò pé log lásán ni, ìyẹn àkọsílẹ̀ tí kò pọn dandan, tí wọ́n ń pa á rẹ́, ni wọ́n ṣe yí orúkọ rẹ̀ padà.

Ibi tó ti dá mi dúró nìyí. `ls -lt pg_wal | tail` fi àwọn fáìlì 16MB hàn, òmíràn ti pé oṣù bíi mélòó kan. Mo ṣe `CHECKPOINT`, àṣẹ tó ń kọ àyípadà sínú tébù tán, tó sì ń kó fáìlì tí kò wúlò mọ́ kúrò, ẹyọ kan ò kúrò. `max_wal_size`, ìwọ̀n tí fódà náà kì í sábà kọjá, wà ní 1GB tó máa ń wà. Archive, ìyẹn kíkó ẹ̀dà fáìlì wọ̀nyẹn pamọ́ síbòmíràn, ńkọ́? Kò tilẹ̀ sí ní títàn. Mo pa PostgreSQL, mo tún tàn án, pàbó.

Ìgbà tí mo wo `pg_replication_slots` ni ojú mi tó là. Slot ni àmì tó ń sọ fún PostgreSQL pé kó má pa fáìlì rẹ́ títí server kejì, tó ń ṣe ẹ̀dà dátábéèsì, yóò fi kà á. Ìlà kan ṣoṣo, `active` rẹ̀ jẹ́ `f`, ìyẹn ni pé kò sí ẹni tó ń lò ó. Slot server kejì tí wọ́n ti pa tì tipẹ́ ni, kò sí ẹni tó rántí pa òun náà rẹ́. Bíi kéèyàn máa bu oúnjẹ sílẹ̀ lójoojúmọ́ de ẹni tó ti kó lọ! Mo fi `pg_walfile_name(restart_lsn)` béèrè fáìlì tó dì mú, orúkọ tó sì gbé jáde ni orúkọ fáìlì tó pẹ́ jù nínú `ls`, lẹ́tà fún lẹ́tà. Mo fò sókè.

`pg_drop_replication_slot`, `CHECKPOINT`, `df -h`: àyè ti ṣí sílẹ̀ gbayawu. Kò sí ẹni tó bá mi dá sí i o!

Láti ẹ̀yà 13 ni `max_slot_wal_keep_size`, tó ń fi òpin sí iye tí slot lè dì mú, ti wà, àmọ́ -1 ni wọ́n fi síbẹ̀, ìyẹn ni pé kò ní òpin. Ta ló rò ó bẹ́ẹ̀? Ẹ fi iye kan sí i. Bí server kejì bá kù sẹ́yìn ju iye náà lọ, slot rẹ̀ á bàjẹ́, ẹ ó sì tún server kejì náà kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Èyí tẹ́ mi lọ́rùn ju kí server àkọ́kọ́ fúnra rẹ̀ ṣubú lọ.