Bí A Ṣe Ń Wá Ẹni Tí Ó Ni Orúkọ Tí A Ń Pe Ohun Èlò

Bí ènìyàn bá dúró nídìí àtẹ èlò ọbẹ̀ ní ọjà Ẹ̀pẹ́ fún ìwọ̀nba àkókò díẹ̀, kò ní pẹ́ tí yóò fi gbọ́ kí oníbàárà sọ pé, “Ìyá, ẹ fún mi ní mágì Knorr.” Kò sí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà máa ń ṣe ní kàyéfì. Bẹ́ẹ̀, orúkọ ènìyàn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni oníbàárà náà dá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Julius Maggi jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Switzerland tí ó gba iṣẹ́ ìlọ̀kà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ ní ọdún 1869, tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ sì gbé kóró amọ́bẹ̀dùn onígun mẹ́rin jáde ní ọdún 1908. Carl Heinrich Knorr ní tirẹ̀ jẹ́ ọmọ Jámánì tí ó dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní ìlú Heilbronn ní ọdún 1838. Ó máa ń dùn mí pé a ń pe irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ sínú ìkòkò wa lójoojúmọ́ láìmọ̀ wọ́n, ìdí sì nìyí tí mo fi fẹ́ ṣàlàyé bí ẹnikẹ́ni ṣe lè wá wọn rí, pàápàá àwọn olùkọ́ àti òbí tí ọmọ máa ń bi ní ìbéèrè.

Ẹ kọ́kọ́ mú ìwé kékeré kan, kí ẹ máa kọ orúkọ ohun èlò sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹnu àwọn ènìyàn ṣe ń pè é gan-an, kì í ṣe bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ sára páálí. Orúkọ tí ẹ ń wá ni èyí tí ó ti kúrò lára ohun kan ṣoṣo, tí ó ti di orúkọ gbogbo irú rẹ̀. Bí oníbàárà bá béèrè mágì, tí olùtajà na kóró ilé iṣẹ́ mìíràn sí i, tí kò sì sí àríyànjiyàn láàrin wọn, orúkọ náà ti tó kọ sínú ìwé yín.

Lẹ́yìn èyí, ẹ lọ bá àwọn àgbà. Bí a ṣe ń béèrè ọ̀rọ̀ ṣe pàtàkì púpọ̀, nítorí pé àgbà tí ẹ bá bi pé, “Bàbá, ṣé orúkọ ènìyàn ni èyí?” lè dá yín lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni kí ó má baà já yín kulẹ̀. Ohun tí ó dára ni kí ẹ kí wọn bí ó ti yẹ, kí ẹ sì béèrè pé, “Ẹ jọ̀wọ́ sà, kí ni ẹ ń lò kí èyí tó dé?” Ìdáhùn sí ìbéèrè yìí ni yóò fi hàn yín bóyá nǹkan náà àti orúkọ rẹ̀ jọ wọ ìlú pọ̀ ni. Wọn yóò sọ fún yín pé irú ni wọ́n ń fi sí ọbẹ̀ kí mágì tó dé, àti pé gègé tàbí kálàmù ni wọ́n fi ń kọ̀wé kí bírò tó dé. Ẹ bi ju ẹnì kan lọ, ní ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí pé àwọn tí ó jọ jókòó máa ń gbe ara wọn lẹ́sẹ̀.

Bírò yìí gan-an ni mo máa ń fi kọ́ àwọn ọmọ, nítorí pé kò sí ilé tí kò sí. Ẹ jẹ́ kí ọmọ fi orí bírò yí èékánná àtàǹpàkò rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ó wò ó dáadáa: yóò rí i pé bọ́ọ̀lù irin tín-ín-tín kan ni ó ń yí lẹ́nu rẹ̀, tí ó sì ń gbé tádàwà jáde bí ó ti ń yí. László Bíró, oníṣẹ́ ìròyìn tí a bí ní Hungary ní ọdún 1899, ṣàkíyèsí pé tádàwà tí wọ́n fi ń tẹ ìwé ìròyìn máa ń tètè gbẹ, nígbà tí ti gègé máa ń ràn kálẹ̀. Tádàwà ìwé ìròyìn ki ju ohun tí ó lè ṣàn lẹ́nu gègé lọ, nítorí náà òun àti György arákùnrin rẹ̀ fi bọ́ọ̀lù kékeré gbé e. Ó gba ìwé ẹ̀rí olùṣẹ̀dá lórí iṣẹ́ náà ní ọdún 1938, ó sá kúrò ní Yúróòpù nítorí inúnibíni sí àwọn Júù, ó sì gba òmíràn ní Argentina ní ọdún 1943. Marcel Bich tí ó wà ní ilẹ̀ Faransé ra ẹ̀tọ́ iṣẹ́ náà, ó yọ lẹ́tà “h” kúrò lẹ́yìn orúkọ ara rẹ̀, ó sì gbé Bic jáde ní ọdún 1950. Ẹni tí ó bá wá ń béèrè bírò Bic, bí ti mágì Knorr ló rí: ènìyàn méjì ni ó pè.

Ẹ máa wo ara ohun èlò náà pẹ̀lú, nítorí pé àmì ara rẹ̀ lè sọ ohun tí ẹnu kò sọ. Ní etí ọ̀sà wa níbí, ẹ súnmọ́ ẹ́ńjìnnì Yamaha tí ó wà ní ìdí ọkọ̀ àwọn apẹja, kí ẹ wo àmì tí ó wà lára ìdérí rẹ̀. Irin mẹ́ta tí ó forí kora ni, irú èyí tí àwọn olórin máa ń gbá kí wọ́n lè mọ ohùn tí wọn yóò gbé orin lé. Kí ni irin olórin ń wá lára ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi? Torakusu Yamaha ni ó tún dùùrù ilé ẹ̀kọ́ kan tí ó bàjẹ́ ṣe ní ìlú Hamamatsu ní ilẹ̀ Japan ní ọdún 1887, tí ó sì ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe dùùrù tà. Ó kú ní ọdún 1916. Ọdún 1960 ni ẹ́ńjìnnì ojú omi àkọ́kọ́ tí ó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ sì jáde. Nítorí náà, ẹ má ṣe kánjú kọ ọ́ pé ẹni tí ó ni orúkọ ni ó ṣe nǹkan.

Ọdún ni òṣùwọ̀n tí kì í ṣègbè. Àwọn ará Èkó ń pe ogún náírà ní múrí. Wọ́n pa Ọ̀gágun Murtala Muhammed ní ọjọ́ 13 oṣù Kejì ọdún 1976, owó bébà ogún náírà tí ó ní àwòrán rẹ̀ sì jáde ní oṣù Kejì ọdún 1977. Ènìyàn ṣáájú, owó tẹ̀ lé e, àwòrán sì so wọ́n pọ̀: ọ̀rọ̀ yìí dúró. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé akọni kan ní ayé àtijọ́ ni Wàzóbíà tí a fi ń pe àádọ́ta náírà, ẹ má gbà á. “Wá” ni Yorùbá, “zo” ni Hausa, “bia” ni Ìgbò, ìtumọ̀ kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ní. Indomie náà kì í ṣe orúkọ ẹnikẹ́ni. Indonesia àti “mie”, tí í ṣe orúkọ núdù lédè wọn, ni wọ́n so pọ̀.

Ẹ fara balẹ̀ púpọ̀ lórí orúkọ ilé àti àdúgbò. Gómìnà Lateef Jákàńdè, tí ó ṣàkóso ìpínlẹ̀ Èkó láti ọdún 1979 títí di ìparí ọdún 1983, ni ó kọ́ àwọn ilé tí a ń pè ní ilé Jákàńdè. Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó ní erékùṣù Èkó, níbi tí wọ́n ti bí i ní ọdún 1929, kì í ṣe orúkọ ènìyàn ní tirẹ̀. Ìlú wa, Ẹ̀pẹ́, ni wọ́n fi sọ ọ́: àwọn èrò Ọba Kòsọ́kọ́ tí ó ti Ẹ̀pẹ́ padà sí Èkó ní ọdún 1862 ni ó tẹ̀dó síbẹ̀.

Ní ojú ewé kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ọ̀rọ̀ náà, ẹni tí ó ni ín, ọdún tí ó gbáyé, ọdún tí ohun èlò náà jáde, ohun tí ó so méjèèjì pọ̀, àti ẹni tí ó sọ ọ́ fún yín. Bí ẹ kò bá rí ohun tí ó so wọ́n pọ̀, ẹ fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo, kí ẹ sì ṣí ìwé náà síbẹ̀ nígbà mìíràn tí ẹ bá tún bá àgbà pàdé.