Pípààrọ̀ kọntúrólà alùpùpù oníná, kí omi àti ooru má bà á jẹ́

Kí ẹ tó ra kọntúrólà tuntun (àpótí tó ń darí iná láti bátìrì lọ sí mọ́tò), ẹ fi míta wọn bátìrì nígbà tí ó bá kún. Bátìrì lithium 48V onísẹ́ẹ̀lì 13, tí sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ń dé 4.2V, máa ń dé 54.6V, kọntúrólà tí kapásítọ̀ rẹ̀ (ẹ̀yà inú rẹ̀ tó ń gba iná pamọ́ fún ìgbà díẹ̀) jẹ́ 63V tó o. Àmọ́ bátìrì irú sẹ́ẹ̀lì yẹn tó jẹ́ onísẹ́ẹ̀lì 16 ń dé 67.2V: kapásítọ̀ yẹn lè wú, ó sì lè bẹ́.

Ẹ yọ bátìrì kí ẹ tó tú wáyà. Nígbà tí ẹ bá ń dá a padà, ẹ kọ́kọ́ fi rẹ́sísítọ̀ 100Ω (ẹ̀yà tó ń dín agbára iná kù) kan wáyà pupa bátìrì àti ti kọntúrólà pọ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá méjì, kí ẹ tó kì í bọ̀ ọ́. Láìṣe bẹ́ẹ̀, á ta pàù, ẹnu wáyà á sì dúdú.

Ooru ló ń pa MOSFET jù, ìyẹn àwọn ẹ̀yà kékeré inú kọntúrólà tó ń tan iná mọ́tò tó sì ń pa á. Ẹ de kọntúrólà mọ́ irin alumíníọ́mù, kí ẹ fi thermal paste (ọ̀rá tó ń gbé ooru kọjá) fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí àárín wọn. Eruku pupa ọ̀nà Kétu máa ń bò ó bí aṣọ. Ẹ máa fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbọ̀n ọ́n.

Ní ti òjò Àjàṣẹ́, ẹ dojú ibi tí wáyà ti ń wọlé kọ ilẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wáyà rọ̀ wálẹ̀ kí ó tó gòkè wọ̀ ọ́. Ibi tó rọ̀ yẹn ni omi á ti kán dànù.