Bí ẹ ṣe lè rí àmì àtijọ́ tó fara pamọ́ sínú Silent Hill 2 tuntun

Bí ẹ bá ń fi máàpù wá àmì àtijọ́, ìyẹn ohun tó ń rántí géèmù àkọ́kọ́, nínú géèmù ẹlẹ́rù Silent Hill 2 tuntun, ẹ ó wá a tì. Máàpù James, ẹni tí ẹ ń darí nínú géèmù náà, máa ń fàlà sí ilẹ̀kùn tó tì àti ọ̀nà tó dí, àmọ́ kì í tọ́ka sí àwọn àmì wọ̀nyí. Ẹni tó mọ géèmù ti ọdún 2001 ló ń tètè rí wọn. Ní October 2024 ni Bloober Team, àwọn ará Pólándì tó tún un ṣe fún Konami, gbé e jáde, ibi tí iṣẹ́ pàtàkì ti wáyé láyé PlayStation 2 ni wọ́n sì fi ọ̀pọ̀ wọn sí.

Oríṣi méjì ló wà: Glimpses of the Past (ohun tí James kàn máa ń tẹjú mọ́), 26, àti Strange Photos (fọ́tò tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sí), 26 bákan náà.

Níbẹ̀rẹ̀ géèmù, ẹ máa yan bí ìjà ṣe máa le tó, ẹ sì máa yan ti àlọ́ lọ́tọ̀. Ẹ fi ìjà sí Light. Ẹni tó ń sá fún ohun abàmì kì í ráyè wo ara ògiri. Ti àlọ́, èyí tó bá wù yín ni kí ẹ mú, ṣùgbọ́n ìdáhùn àlọ́ máa ń yàtọ̀ bó ṣe le sí, torí náà ẹ má fi ìdáhùn Hard ṣí títìpa Light. Ẹ pa 90s Filter náà, ètò tó ń mú kí àwòrán rí bíi ti àtijọ́, ní àkókò tí ẹ bá ń wá nǹkan. Ó rẹwà, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí ohun kéékèèké hàn dáadáa. Ẹ lè tan án nígbà tí ẹ bá tún un gbá.

Bí ẹ bá dé ibi tí Glimpse wà, àmì bọ́tìnnì máa yọ lẹ́bàá ohun kan tí kò ṣeé mú. Ẹ tẹ bọ́tìnnì náà. James á tẹjú mọ́ ọn, ohùn àjèjì kan á dún, ó parí. Ohunkóhun kò ní wọ àpò. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi ń rò pé àwọn kò rí nǹkan kan, tí wọ́n á sì kọjá lọ.

Ẹ fi ìrántí géèmù àtijọ́ ṣe atọ́nà. Ní ilé fúláàtì Wood Side nígbà náà, agolo ohun mímu ni wọ́n ń jù sínú ihò ìdalẹ̀sí kí owó ẹyọ tó há síbẹ̀ lè já bọ́. Ní ilé ìwòsàn Brookhaven, irun àti abẹ́rẹ́ tó tẹ̀ ni wọ́n so pọ̀ láti fa kọ́kọ́rọ́ yọ nínú ihò omi balùwẹ̀. Inú ilé bọ́ọ̀lù Pete's Bowl-O-Rama ni Eddie, ọ̀kan lára àwọn tí James ń bá pàdé, ti ń jẹ písà; nínú ti tuntun, wọ́n ti gbé ìpàdé yẹn lọ sí ilé sinimá. Irú ibi báyìí ni kí ẹ máa dúró wò fínnífínní, pàápàá níbi tí iṣẹ́ àtijọ́ ti pòórá.

Ohun tó ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù ni àìlèpadà sẹ́yìn. Bí ẹ bá ti fò sínú ihò ní Historical Society, ilé àkójọ ìtàn ìlú náà, tàbí tí ẹ ti wa ọkọ̀ ojú omi lọ sí Lakeview Hotel, ohun tí ẹ fi sílẹ̀ ti lọ nìyẹn. Ẹ lo bébà pupa tó wà fún ìtọ́jú eré, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ sí àyè tuntun kí ẹ tó kúrò ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan. Ẹ má kọ ọ́ lé ti àtẹ̀yìnwá lórí. Ẹ fọ́ gíláàsì ọkọ̀ àti ti ṣọ́ọ̀bù. Ẹ fọ́ ògiri tó sán tí wọ́n kun nǹkan funfun sí pẹ̀lú.

Ti fọ́tò ló jinlẹ̀ jù. Wọ́n fi ọwọ́ kọ ọ̀rọ̀ sára fọ́tò kọ̀ọ̀kan. Ẹ ka ohun tó wà nínú àwòrán, kí ẹ fi iye yẹn ka lẹ́tà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Lórí èyí tí wọ́n kọ So many people here! sí, fèrèsé 6 ni ẹ máa kà. Lẹ́tà kẹfà sì ni Y. Ẹ má ka àlàfo àárín ọ̀rọ̀ mọ́ lẹ́tà, torí ibẹ̀ ni ìṣirò ti máa ń dàrú. Bí lẹ́tà kan kò bá bá àwọn tó kù mu, ohun tí kò yẹ ni ẹ kà nínú àwòrán. Lápapọ̀ wọ́n ń sọ pé: You've been here for two decades. Lẹ́tà 26 géérégé. Kí ọdún 2024 tó parí ni agbá-géèmù kan ti tú u, Mateusz Lenart tó darí iṣẹ́ náà sì jẹ́rìí sí i.

Àwọn kan ní James ló há sínú àyípo tí kò lópin, nítorí òkú tó jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n nínú géèmù 2001 jọ ọ́ gan-an. Lójú tèmi, àwa agbá-géèmù tí a kò fi ìlú Silent Hill sílẹ̀ láti 2001 ni wọ́n ń bá wí.

Bí ẹ bá parí rẹ̀, ẹ wọ New Game+, ìyẹn títún géèmù náà gbá láti ìbẹ̀rẹ̀. Ayùn ẹlẹ́rọ wà láàárín òkìtì igi, kò jìnnà sí ìbẹ̀rẹ̀, bó ṣe rí nínú ti àtijọ́. Ibẹ̀ náà ni ọ̀nà ti ṣí sí ìparí ti Mira, ajá tó jókòó sídìí ẹ̀rọ.