Bí A Ṣe Ń Mọ̀ Pé Òjò Ti Múlẹ̀ Tó fún Gbíngbìn ní Ọgbà Ẹ̀yìnkùlé

Ní ilẹ̀ Okun ní Ìpínlẹ̀ Kogi, láti Kàbà títí dé Mọ̀pà, Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀, oṣù kẹta ni àkọ́rọ̀ òjò sábà máa ń dé. Lẹ́yìn rẹ̀, oòrùn lè ràn fún ọ̀sẹ̀ 2 kí òmíràn tó rọ̀. Àgbàdo tí ẹ bá sáré gbìn á hù, á sì gbẹ, torí pé òkè ilẹ̀ nìkan ni àkọ́rọ̀ rin.

Ẹ má jẹ́ kí òdòdó máńgòrò àti kaṣú tàn yín: inú ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ti ń yọ. Èsúnsún náà kò tó gbẹ́kẹ̀ lé, òjò ẹyọ kan lè mú un jáde. Àwọn àmì tó dára jù ni gbúre àti tẹ̀tẹ̀ tó lalẹ̀ hù létí ààtàn tí wọn kò sì rọ lọ́sàn-án, àti imí ekòlò tútù lórí ebè láàárọ̀. Ekòlò kì í gòkè bí ìsàlẹ̀ bá gbẹ.

Síbẹ̀, ilẹ̀ gan-an ni kí ẹ bi. Ní ọjọ́ kejì lẹ́yìn òjò, ẹ gbẹ́ ihò tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20. Ẹ bu iyẹ̀pẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ fún un mọ́ àtẹ́lẹwọ́. Bó bá tú ká bí ẹ ṣe la ọwọ́, ẹ dúró. Bó bá dì, tó sì fọ́ nígbà tí ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ẹ gbìn. Bó bá lẹ̀ mọ́ ọwọ́ bí amọ̀, ẹ má fi ọkọ́ kàn án lọ́jọ́ náà. Yóò di ògúlùtu nígbà tó bá gbẹ.

Kí ọjọ́ yẹn tó dé, ẹ ti kó ìgbẹ́ adìẹ jọ fún ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 kó jẹrà. Èyí tó tutù máa ń jó gbòǹgbò. Kílò 1 sí 2 tó fún mítà 1 níbùú lóròó.

Nígbà gbíngbìn:

1. Èèpo èso ewédú le, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ rẹ̀ kì í fi í hù. Ẹ dì í sínú aṣọ, ẹ rì í bọ omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná fún ìṣẹ́jú-àáyá 5 sí 10, kí ẹ sì sọ ọ́ sínú omi tútù kíákíá. Ẹ pò ó mọ́ yanrìn kí ẹ tó fọ́n ọn.

2. Ẹ rẹ ilá sómi mọ́jú. Èso 2 ní ihò kan.

3. Àgbàdo: sẹ̀ǹtímítà 75 láàárín poro, 25 láàárín ihò, èso 1, jíjìn 4 sí 5. Bí kò bá jìn tó, ẹyẹ á hú u.

Bí ọjọ́ 10 bá pé tí àgbàdo kò hù, ẹ hú èso kan wò. Bó bá rà, omi ti pọ̀ jù. Bó bá le gbagidi, ọ̀rinrin kò tó. Bó bá ṣófo nínú, kòkòrò ti jẹ ẹ́.