Ẹ dán Linux wò lórí fláàṣì kẹ́ ẹ tó pa Windows yín rẹ́

Àtìgbà tí Microsoft ti jáwọ́ nínú Windows 10 lóṣù kẹwàá 2025 làwọn èèyàn ti ń gbé láptọ́ọ̀pù wá bá mi ní Under-G l'Ógbómọ̀ṣọ́ níbí, wọ́n á ní kò gba Windows 11, ṣé káwọn tà á ni. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tà á. Tó bá jẹ́ Chrome, fíìmù àti létà títẹ̀ lẹ fi ń ṣe, Linux, ètò mìíràn tó ń mú kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ bíi Windows, á gbé e dáadáa, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Linux Mint ni mo máa ń fún èèyàn torí ó jọ Windows, RAM 4GB sì ti tó o.

Ọ̀fẹ́ ni, àmọ́ data tẹ́ ẹ máa fi dáunlóòdù ẹ̀ kì í ṣe ọ̀fẹ́, ó tó bíi 3GB, ẹ dúró dòru. Rufus, áàpù kan lórí Windows, lẹ máa fi gbé e sórí fláàṣì 8GB, tẹ́ ẹ bá kàn kọ́pì ẹ́ síbẹ̀ kò ní tan, gbogbo nǹkan tó wà lórí fláàṣì yẹn á sì parẹ́, ẹ yáa kó fọ́tò ìkómọ kúrò níbẹ̀.

Ẹ pa láptọ́ọ̀pù, ẹ ki fláàṣì bọ̀ ọ́, bẹ́ ẹ bá ṣe ń tàn án kẹ́ ẹ máa tẹ F12, ti HP, F9 ni, ẹ wá mú fláàṣì. Linux á ṣí, kò sì tíì fọwọ́ kan Windows yín rárá, ibí gan-an ni kẹ́ ẹ ti fara balẹ̀. Ẹ wo Wi-Fi, tí ò bá rí nǹkan kan, ẹ fi wáyà so fóònù mọ́ ọn, ẹ tan USB tethering lórí fóònù kí láptọ́ọ̀pù lè fi data ẹ̀, ẹ lọ sí Driver Manager nínú Mint, àwọn tí Wi-Fi wọn jẹ́ ti Broadcom ló sábà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ pa láptọ́ọ̀pù dé kẹ́ ẹ ṣí i padà, ṣó jí? Ẹ ṣí fáìlì Word yín nínú LibreOffice, tó ń ṣiṣẹ́ bíi Microsoft Office, kó jẹ́ fáìlì tó ní tébù àti àwòrán o, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ó ti fọ́nká.

Àǹtí kan tó ń ṣe ìwé ìpè ní Takie, èmi ni mo fi Linux sí tiẹ̀ láìbi í pé kí ló fi ń ṣiṣẹ́, àṣé CorelDRAW tí wọ́n fi ń ṣe dìsáìnì ni! Kò sì sí ti Linux, Inkscape, áàpù dìsáìnì mìíràn tí mo ní kó lò, ò ṣí fáìlì ẹ̀ bó ṣe yẹ, ìwé ìpè òkú ọjọ́ Sátidé sì wà nílẹ̀. Ọwọ́ ara mi ni mo fi dá Windows ẹ̀ padà, mi ò gbowó.

Tí gbogbo ẹ̀ bá ṣiṣẹ́, ẹ kó fáìlì yín pamọ́, ẹ rí i pé bátìrì kún torí NEPA, ẹ tẹ Install Linux Mint. Tẹ́ ẹ bá ṣì fẹ́ Windows, Install alongside ni kẹ́ ẹ mú, Erase disk á nu gbogbo ẹ̀ dànù. Lẹ́yìn náà ẹ wọ Keyboard, ẹ wọ Layouts, ẹ fi Yoruba kún un, ó ti wà nínú ẹ̀ látilẹ̀, òun ni mo fi tẹ eléyìí.