Ćevapi ní Sarajevo: márùn-ún ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà
Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ jẹ ćevapi ní búkà àdúgbò ní Sarajevo, olú-ìlú Bosnia, márùn-ún ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà, ẹ má sáré sí mẹ́wàá. Ẹran lílọ̀ tí wọ́n mọ bí ìka, tí wọ́n yan lórí èédú ni, ṣùgbọ́n inú somun, búrẹ́dì pẹlẹbẹ wọn, ni wọ́n ń tò ó sí pẹ̀lú àlùbọ́sà tútù. Búrẹ́dì yẹn nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ yó èèyàn! Owó tó bá ṣẹ́ kù, ẹ fi gba kajmak, ọ̀rá wàrà tó ń yọ́ sára ẹran gbígbóná. Òun gan-an ni adùn ibẹ̀. Tó bá jẹ́ Serbia, orílẹ̀-èdè tó múlé ti Bosnia, lẹ wà, ẹ̀yin tí ẹ kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, ẹ kọ́kọ́ béèrè: wọ́n lè po ẹran ẹlẹ́dẹ̀ mọ́ ćevapi níbẹ̀.